Lẹ́tà Tí Ilé Kọ

Lẹ́tà kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi wọlé ní òpópónà Furby,
ní Winnipeg, lọ́jọ́ tí òtútù ń gé etí bí abẹ.
Ó ní: Ilé yìí kò fẹ́ bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.
Ilé ti jókòó. Ilé ti pinnu.
Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ rẹ̀,
àfi nọ́ńbà ilé, àti òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù.

Bàtà mélòó ni mo tilẹ̀ ní?
Ẹyọ méjì péré, tí iyọ̀ ojú títì ti jẹ ní gìgísẹ̀,
tí mo ń tẹ́ ìwé ìròyìn sí lábẹ́
kí omi yìnyín má baà ṣàn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo mú ìwé náà dání, mo lọ wá Ilé.
Mo wo ògiri: ọ̀dà ló wà lára rẹ̀.
Mo wọ lífítì, ó gbé mi dé òkè kẹrin, kò dá sí ọ̀rọ̀ náà.
Mo fetí lé páìpù tó ń gbé ooru kiri,
ó ń kùn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe sí mi.

Mo kan ilẹ̀kùn Rodelio. Ẹja ló ń dín.
“Màmá Morádéyọ̀, èmi kọ́ o. Ilé ni.”
Ọwọ́ tó fi mú síbí yẹn náà ló fi ń fọ́n iyọ̀ sórí àtẹ̀gùn
kí n má baà yọ̀ ṣubú láàárọ̀.
Mo kan ti Halyna, alága ìpàdé.
Ó wolẹ̀. “Mo kàn tẹ òǹtẹ̀ ni. Ilé ló sọ ọ́.”
Àwa méjìdínlógún là ń gbé ibẹ̀.
Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jẹ́ Ilé nínú wọn,
síbẹ̀ Ilé ń bínú sí bàtà mi.

Wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Ó dára. Ta ló wá ń sọ ilé lórúkọ?
Ìgbín àti ìkarahun jọ ń rìn, n kò jiyàn,
ṣùgbọ́n bí ìgbín bá kú,
ẹ gbé ìkarahun sídìí ewé kókò
kí ẹ wò ó bóyá yóò jẹun.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru dákẹ́.
Òtútù wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Ilé kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn tutù, bí òkúta ṣe ń tutù.
Ẹni tó kànlẹ̀kùn ni Halyna,
ó gbá ìgò omi gbígbóná mọ́ àyà,
ó ní kí n dìde, òun ní hítà kékeré kan.
Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ó wò wọ́n. Mo wò ó.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ilé.

Nídìí hítà yẹn ni ìyàwó Láyíwọlá wá sọ sí mi lọ́kàn,
opó ọlọ́mọ mẹ́ta, ní Ìkìrun, nígbà tí eyín mi ṣì pé.
Yàrá kan ló tọrọ. Ìpàdé ní rárá.
Mo wà níbẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà, n kò gbórí sókè.
Nígbà tó dá mi dúró lọ́nà odò, mo ní,
“Èmi kọ́ o. Agboolé ló ní bẹ́ẹ̀.”
Agboolé! Amọ̀ àti páànù.
Ẹnu mi ló yá lò.

Ilẹ̀ mọ́. Lórí tábìlì Halyna, mo bẹ̀rẹ̀ èsì lẹ́tà.
N kò kọ “Sí Ilé.” Mo kọ Rodelio, mo kọ Halyna,
mo kọ ọkùnrin òkè kejì tí kì í kí ènìyàn,
mo kọ, mo kọ.
Mo kà á, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún.
Mo tún un kà.
Ẹni tó ṣẹ́kù ló mú bíírò dání,
bàtà rẹ̀ sì ń jo omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn.